Lẹ́tà ṣíṣí sí àjọ NCMM: Ilojo Bar ti wó, ẹ jẹ́ ká tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé Àgùdà tó kù

Sí Ọ̀gá Àgbà àjọ NCMM, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí Nàìjíríà lé lọ́wọ́.
Ẹ̀dà kan fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar palẹ̀ ní Ìta Tìnúbú, láàárín ìgboro Èkó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti oko ẹrú ní Bràsíl, kọ́. Ilé náà ti pé ọdún 161 lọ́jọ́ náà. Láti ọdún 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ni pé ọgọ́ta ọdún ni òfin fi wà lórí rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Òfin wà nínú ìwé, ilé di àlàpà.

A ò kọ lẹ́tà yìí láti fẹ̀sùn kan ẹbí tó ni ín tàbí òṣìṣẹ́ kankan. Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ilé bíi tirẹ̀ tó ṣì dúró ní Pópó Àgùdà, ní Kakawa, ní Campos, ní Tókunbọ̀, ní Igbóṣéré. Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má kọ orúkọ ilé ẹnikẹ́ni sínú ìwé òfin mọ́ láìsí àdéhùn pẹ̀lú onílé àti owó tí wọ́n máa fi tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Gbogbo ohun tí a máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ẹ̀bẹ̀ yẹn ló dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rán ara wa létí irú ilé tó lọ.

Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà tí orírun wọn so mọ́ Bràsíl, kọ́ ilé náà bí ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní Casa do Fernandez. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọba Dòsùnmú ló wà lórí ìtẹ́, kò tíì ju ọdún méjì lọ tó jọba. Ẹfúnróyè Tìnúbú ṣì wà ní Èkó, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lé e lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ku ọdún mẹ́fà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú lọ́dún 1861. Ìyẹn ni pé ilé ọtí yìí ṣáájú ìjọba amúnisìn, ó ṣáájú ilé ẹjọ́ gíga tó wá dúró sí Ìta Tìnúbú, ó sì ṣáájú ìgbà tí Bràsíl fúnra rẹ̀ fòpin sí oko ẹrú lọ́dún 1888. Àwọn tí wọ́n ti kó lọ sókè òkun ló padà wálé, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ lóko ẹrú kọ́lé síwájú ọjà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bàhíà lọ́dún 1835 ni ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í darí bọ̀, bíríkìlà àti káfíńtà sì pọ̀ nínú wọn jọjọ.

Irú ilé tí wọ́n kọ́, ojú kan là ń gbà dá a mọ̀. Ìsàlẹ̀ kún fún ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì, orí wọn tẹ̀ róbótó, tí a bá ṣí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ òkun á gba inú ilé já. Ìsàlẹ̀ yìí fún òwò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìdílé ń gbé. Wọ́n fi ìrẹ́ ṣe ọnà sí ojú fèrèsé àti sí ẹ̀gbẹ́ òpó, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀ tó tàn. Ilé kan náà ń pawó nísàlẹ̀, ó ń gbé ọmọ lókè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Lọ́dún 1933, olóògbé Alfred Omolona Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìṣù ní Èkìtì, ra ilé náà. Orúkọ Ilojo Bar ló wá mọ́ ọn lára. Nínú àwọn ọmọ bàbá yìí ni Victor Olaiya wà, afunfèrè tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tí wọ́n bí lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1930 ní Calabar. Ó dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ lọ́dún 1954. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1956, ẹgbẹ́ Olaiya ló lu orin níbi ijó tí ìjọba ṣe fún un, òun náà ló sì tún ṣeré níbi ijó òmìnira lọ́dún 1960. Fela lo àkókò díẹ̀ nínú Cool Cats kó tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958. Tony Allen náà gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ọdún tí ọmọ ilé ń fun fèrè fún ọbabìnrin ni ọdún tí ìjọba kọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ sínú ìwé òfin. Ilé ọtí kan ṣoṣo ni: àwọn Àgùdà kọ́ ọ, ará Èkìtì rà á, orúkọ ìdílé náà wá ti inú orin highlife kárí ilẹ̀ wa. A ò mọ ilé mìíràn ní Èkó tó kó ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ òrùlé kan.

Ọ̀gá wa, kí ló wá pa á?

Wọ́n sọ pé ilé náà ti di ewu, pé ó lè wó lu èèyàn. A ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé kì í di ewu lọ́jọ́ kan. Láti 1956 tí wọ́n ti kéde rẹ̀, onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́ láti wó o, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yí i padà, ó sì ṣòro kó fi ilẹ̀ tó wà lójú ọjà bẹ́ẹ̀ yáwó ní báńkì. Ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí a dè lọ́wọ́ tí a tún ní kó máa gbé ẹrù, ó di dandan kó wá ọ̀nà àtijáwọ́.

Ọ̀rọ̀ ogún tún wà níbẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́rìnlélógún tí bàbá Victor Olaiya bí, mọ́kàndínlógún ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ ro ó wò: ọmọ 24, àwọn ọmọ ọmọ, àwọn ọmọ tiwọn náà. Ilé kan, páànù kan ń jò, ta ló máa mú owó jáde? Tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀? Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ìyá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló ń sọ ilé ńlá di yàrá yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ní òrùlé rẹ̀. Òfin ìbílẹ̀ wa ti ní ìdáhùn kan tí ilé ẹjọ́ gbà: ohun ìní ẹbí kò ṣeé tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí àti àwọn àgbà inú rẹ̀. Ohun tí àjọ yín nílò ni pé kí irú ìfọwọ́sí yẹn wà fún títọ́jú pẹ̀lú, kó má jẹ́ fún títà nìkan. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yan aṣojú kan. Kí Dáwódù tàbí olórí ẹbí wà lókè wọn. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé kan lójú lọ́yà, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni méjì tí ìjọba lè bá sọ̀rọ̀ lórí ilé náà. Bí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú bá kú, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Láìsí ìwé yìí, owó tí ìjọba bá gbé wá á di ìjà.

Àwa tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú ilé wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń kú. Omi ló ń pa wọ́n, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀.

Ti òkè máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ìṣó páànù. Ìṣó á dípẹtà, ihò rẹ̀ á fẹjú, òjò oṣù Kẹfà á máa kán síbì kan náà lójoojúmọ́. Ojú kì í rí ohun tó ń bàjẹ́, nítorí ibi tí omi ń lọ ni ẹnu ìtì igi àjà, níbi tí wọ́n ti ki igi bọ inú ògiri. Ìrókò ni igi náà lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ bá ń mu omi nínú ihò ògiri, ó máa jẹrà láti inú wá, ikán á sì bá a níbẹ̀. Pákó ilẹ̀ òkè á ṣì mọ́ tónítóní. Ọjọ́ kan ni igún àjà kan á rọ̀ sílẹ̀, àwọn èèyàn á ní ilé ti gbó. Ilé kò gbó, ẹnu igi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jẹrà.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn. Ẹ yọ pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ fi irin ṣóńṣó gún ẹnu igi. Tó bá wọlé ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láìfi agbára, igi ti jẹrà. Ẹ fi òpó gbé àjà dúró kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ gé èyí tó jẹrà kúrò, kí ẹ gé e kọjá ibi tó bàjẹ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, torí ìjẹrà máa ń rìn síwájú ju ibi tí ojú rí lọ. Ẹ so ìrókò tuntun tó ti gbẹ mọ́ ọn, kí irin pẹlẹbẹ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí bóòtù gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí ẹ bá ń dá ẹnu rẹ̀ padà sínú ihò, ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ yí i ká kí afẹ́fẹ́ lè dé ibẹ̀. Bíríkìlà tó bá fi sìmẹ́ńtì dí àyè yẹn pa ti bẹ̀rẹ̀ ìjẹrà mìíràn nìyẹn.

Ti ìsàlẹ̀ wá láti títì. Nígbàkígbà tí wọ́n bá da ọ̀dà tuntun lé ọ̀nà ní ìgboro Èkó, títì á ga sí i, ilé á máa rì. Ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ju títì lọ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ wá wà nínú kòtò báyìí. Gọ́tà dí, omi dúró sídìí ògiri, ògiri amọ̀ tàbí bíríkì sì ń fà á mu dé bíi mítà kan sókè. Iyọ̀ ọ̀sà wà nínú omi yẹn. Bí omi bá gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á kù síbẹ̀, á máa wú, á máa já ojú ògiri jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ̀fun.

Ibi tí inú wa ti máa ń bàjẹ́ jù lọ rèé. Onílé tó fẹ́ràn ilé rẹ̀ á rí ìyẹ̀fun yẹn, á tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, á pe bíríkìlà, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n á fi ọ̀dà olóyìnbó tó ń dán kùn ún. Ilé á dà bí tuntun fún ọdún mẹ́ta. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kí omi jáde. Omi á há sínú ògiri, amọ̀ tó wà lẹ́yìn á rọ̀, iyọ̀ á kóra jọ síbi tí ìrẹ́ ti pàdé ògiri. Ẹ fi ìka kan ojú rẹ̀: tó bá ń dún bí igbá tó ṣófo, ó ti já kúrò lára ògiri. Níjọ́ kan á ya lulẹ̀ lódindi, á sì fa ọnà tí àwọn Àgùdà fọwọ́ ṣe sára ògiri já. Ìfẹ́ ló ba ilé jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó wá láti ọ́fíìsì yín wá sọ fún wọn pé láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta ẹfun tí a sun ṣe, ni kí wọ́n lò.

Iṣẹ́ láìmù kò le, sùúrù ló ń gbà. Ẹ gbá gbogbo sìmẹ́ńtì kúrò pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ògiri wá. Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan odindi. Láìmù àpò tí wọ́n ń tà, ẹ ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àpò tó ti ya, tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ fún oṣù mélòó kan, ti kú, kò ní dì mọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí omi bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá lè fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó dára. Ìwọ̀n kan láìmù sí ìwọ̀n mẹ́ta yanrìn. Yanrìn odò tí wọ́n fọ̀ ni o, kì í ṣe yanrìn ọ̀sà, torí iyọ̀ tí à ń sá fún ló wà nínú ìyẹn. Ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan má nípọn ju mílímítà mẹ́wàá lọ. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn má gbẹ ẹ́ kíákíá, ẹ má sì ṣe é nígbà ọyẹ́. Ìpele kejì kò gbọdọ̀ gun orí ti àkọ́kọ́ títí èékánná ò fi ní lè họ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi omi láìmù fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ju ìkánjú lọ: bíríkìlà á ní kó tètè gbẹ, á bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i nígbà tí ẹni tó ń bójú tó o bá lọ jẹun. Kí ẹnìkan tí àjọ yín kọ́ níṣẹ́ wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ibi tí ògiri bá ti ya, amọ̀ pupa tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ ni kí wọ́n fi dí i. Búlọ́ọ̀kù le ju amọ̀ lọ. Tí wọ́n bá ki í sáàárín, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ògiri á tún ti là.

Gbogbo èyí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọn ilé. Ẹ fún wa ní àwòrán ilé kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ilẹ̀ òkè, ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti gbogbo ọnà ara fèrèsé ní títóbi tí káfíńtà lè fi gbẹ́ òmíràn. Fóònù tó ní kámẹ́rà dáadáa tó láti bẹ̀rẹ̀: kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó wà nínú fọ́tò tó ṣáájú rẹ̀, kí ọ̀pá tí a fi àmì sẹ̀ǹtímítà sí wà lójú ògiri, kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀. Òṣìṣẹ́ méjì lè parí ilé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ilé kan bá tiẹ̀ wó lẹ́yìn ìyẹn, a ó ní ohun tí a lè fi tún un kọ́.

Ọ̀gá wa, a wá dé orí owó, a sì ní kí ẹ jẹ́ kí ilé ọtí máa jẹ́ ilé ọtí.

Mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Bẹ́ẹ̀ ní òpópónà Martins, tí João da Costa àti Sánúsí Aka kọ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ṣì dúró. Ìdí ni pé wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí omi bá kán sórí ẹnìkan lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á gun òrùlé lọ́jọ́ Sátidé. Kalakuta Museum ní Ìkẹjà, ilé tí Fela gbé kẹ́yìn ní òpópónà Gbémisọ́lá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló gbé owó sílẹ̀ tí wọ́n fi ṣí i lọ́dún 2012, yàrá àlejò àti ibi ìgbafẹ́ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun ìrántí. Ìyẹn fi hàn pé ìjọba àti ẹbí lè jọ ṣe é. Ilé àtijọ́ tí wọ́n tì pa nítorí ọ̀wọ̀ ló ń tètè kú.

Nítorí náà, àdéhùn ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ bá onílé ṣe. Kí ìjọba ṣe òrùlé, gọ́tà, igi àjà àti ògiri. Kí ilé ṣì jẹ́ ti ẹbí, kí wọ́n máa gba owó iṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sínú àkáǹtì ìtọ́jú tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí, ọ̀kan láti ẹbí, ọ̀kan láti ọ́fíìsì yín. Kí a má lé ẹnikẹ́ni tó ń gbé òkè jáde. Ní Salvador, ní Bàhíà tí àwọn Àgùdà wa ti wá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún àdúgbò Pelourinho ṣe lọ́dún 1992. Ilé dára, ṣùgbọ́n wọ́n lé ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú tó ń gbé inú wọn kúrò. A ò fẹ́ èyí ní Pópó Àgùdà.

Ẹni tó bá gba ìsàlẹ̀ láti fi ṣe ilé ọtí, ẹ fún un ní ìwé òfin ilé. Kí fírísà jìnnà sí ògiri ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí páìpù gbé omi rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Kí jẹnẹrétọ̀ dúró lórí pèpéle tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí kò kan ilé, torí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ń tú ìrẹ́ ká. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ilẹ̀ ni kí ó dúró lé, kí wọ́n má ṣe kàn án mọ́ ògiri. Wáyà iná, kí ó gba inú páìpù lójú ògiri, kí ẹnikẹ́ni má la ògiri amọ̀ láti ri wáyà mọ́ ọn. Ilé ìyàgbẹ́, lẹ́yìnkùlé. Kéréètì bíà onígò ńlá méjìlá tó kún lè tó kìlógíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ogójì wọn ti tó ẹgbẹ̀ta kìlógíráàmù, ìsàlẹ̀ ni kí gbogbo wọn wà, kí wọ́n má gbé wọn gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Táńkì omi oní-lítà ẹgbẹ̀rún kan tó kún, tọ́ọ̀nù kan ni. A ti rí i lórí àjà igi rí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú tún kù. Ọjọ́ tí ọ́fíìsì ìjọba kò ṣí ni ilé náà wó. Ẹ ní nọ́ńbà fóònù kan tí èèyàn máa gbé ní Sátidé àti ní Àìkú. Kí àkójọ àwọn ilé tí òfin dáàbò bò, pẹ̀lú fọ́tò àti àdírẹ́sì, wà ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọn. Kí ó wà lọ́wọ́ LASPPPA tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, àti LASBCA tó ń yẹ ilé wò, kí ìwé àṣẹ ìwólé má lè jáde fún àdírẹ́sì yẹn láìjẹ́ pé ọ́fíìsì yín ti buwọ́ lù ú. Bí LASBCA bá sì kọ àmì ewu sára irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ẹ rán ẹnjiníà tó mọ ilé amọ̀ lọ láàárín ọjọ́ méje pẹ̀lú òpó tí yóò fi gbé e dúró. Àmì ewu lára ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìpè fún ìtọ́jú ló yẹ kó jẹ́.

Ilẹ̀ Ilojo Bar fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun níbẹ̀ láìsí awalẹ̀pìtàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìgò, àwo àti owó láti ìgbà Dòsùnmú lè wà lábẹ́ ilé ọtí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pe gbogbo ẹni tó bá ní fọ́tò rẹ̀ kó mú un wá, ẹ kó wọn síbì kan tí gbogbo ayé lè rí. Ẹ ṣètò pẹ̀lú ẹbí náà kí òkúta ìrántí kan wà lójú títì níbẹ̀, lédè Yorùbá àti Potogí, pẹ̀lú orúkọ Fernandez àti orúkọ Olaiya lórí rẹ̀.

Victor Olaiya kú lọ́jọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2020. Òun náà ní ilé ọtí àti ilé ijó tirẹ̀, Stadium Hotel ní Súrùlérè, níbi tó ti fun fèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé òfin kankan kò ní láti ṣáájú kí ẹ tó lọ síbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ wọn ilé náà, ẹ gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olórin tó ṣì wà láyé sílẹ̀, ẹ wo teépù àti fọ́tò tó wà nínú àpótí kí ìrì àti ooru tó pa wọ́n. A ní ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ìdílé kan náà ni, wọ́n sì ti pàdánù ilé kan.

A ó dúpẹ́ tí a bá rí èsì yín lórí ohun mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta: ẹ̀dà àkójọ ilé Àgùdà tó wà lọ́wọ́ yín ní Èkó, orúkọ òṣìṣẹ́ tí ẹbí onílé lè kọ̀wé sí, àti ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilé àkọ́kọ́. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó mọ iṣẹ́ láìmù àti ìrókò wà nínú wa, a ti ṣetán láti wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ bá rán.

Àwa ni tiyín,
Àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó.